Àmì Tó Ní Àyè Nínú

Ọdún 1999 ni a dé Port Harcourt. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló gbé ìyàwó mi wá síbẹ̀, èmi sì tẹ̀lé e pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì mi nínú àpò ọ̀rá. Àwọn ará ilé ní ọkùnrin kì í tẹ̀lé ìyàwó lọ síbi iṣẹ́. Mo di ẹrù mi. Kò sí ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun mọ́ ní ìlú wa nígbà náà. Ẹni tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù kò ní nǹkan tó máa dúró ṣe níbẹ̀.

Pátákó ni mo ń kọ. Mo kọ ti onígbàjámọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti afúntáyà. Mo kọ ìkìlọ̀ pé kí ènìyàn má tọ̀ síbí sára ògiri ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ẹni tó bá fẹ́ pátákó á kọ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà fún mi, èmi á sì ya lẹ́tà rẹ̀ bí ẹni ń ya ewé. Ọwọ́ mi mọ lẹ́tà ju bí orí mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ilé tí a gbà jẹ́ ilé tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú sí ara wọn, tí gbogbo ayálégbé ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo lẹ́yìn. Ìyàwó mi ní àwọn ìkòkò ńlá tó gbé láti ilé, gbogbo ilé ló sì ń yá wọn nígbà tí wọ́n bá ní ìnáwó. Nítorí náà ó bu ọ̀dà pupa mi, ó fi kọ ìlà méjì tó gba orí ara wọn kọjá sí ìdí ìkòkò, sí ìdí àwo, sí ìdí kúlà. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí gbogbo obìnrin àdúgbò wa nílé ṣe ń ṣe é. Ohun tí kò bá ní àmì kì í padà wálé láti ibi ìnáwó. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ orúkọ rẹ̀ sí i kó dára lójú.

Ó ní, "Orúkọ gùn jù. Ta ló fẹ́ kàwé nídìí ìkòkò?"

Mo fi í sílẹ̀. Àmì tó burẹ́wà ni lójú mi, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ọ̀dà náà sì máa ń ṣàn.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sórí ọ̀rá fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fúlẹ́ẹ̀sì dé. Ẹni tó ń dúró dè mí fún ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ lè gba pátákó tirẹ̀ láàárín wákàtí kan, kí fọ́tò rẹ̀ tún wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ mi gbẹ. Ìyàwó mi ní kí n lọ sílé-ẹ̀kọ́. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ iṣẹ́ ọnà ìpolówó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì mí ń pè mí ní Daddy. Olùkọ́ náà ń pè mí ní Daddy. Ìyàwó mi ń bi mí ní ìrọ̀lẹ́ ohun tí wọ́n kọ́ wa, mo sì máa ń sọ díẹ̀ fún un. Díẹ̀ náà tó o.

Ó kú nígbà tó ku ọdún kan kí n parí. Àìsàn náà kò pẹ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú mo padà sí kíláàsì, nítorí òun ló fẹ́ kí n wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wá láti ọwọ́ ọmọbìnrin kan tó ní ilé-iṣẹ́ kékeré ní Rumuokwurushi. Ọlọ́pàá ará Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀, bárékè ọlọ́pàá ní Port Harcourt ni wọ́n sì bí i sí. Yorùbá ló máa fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, pijin á sì bá a parí rẹ̀. Ohun tó kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ ni bí a ṣe ń ronú nǹkan ìlò kí a tó ṣe é: bí àga ṣe máa gba ìdí, bí ọwọ́ ìkòkò ṣe máa yẹ ọwọ́. Òun àti oníṣẹ́ ọwọ́ méjì ń ṣe ààrò onírin tí wọ́n fi ń yan ẹja, àtẹ onírin tí ẹja ń sùn lé, àti àpótí tí ẹni tó ń yan ẹja lè jókòó lé tí ẹ̀yìn kò ní máa ro ó. Ààrò wọn máa ń darí ẹ̀fín gba ẹ̀yìn, kì í fẹ́ ẹ sójú ènìyàn. Nǹkan tó dára ni. Kò kàn ní àmì ni.

Ó ń pè mí ní Bàbá. Èmi ń pè é ní ọ̀gá, ó sì máa ń bínú sí i. Ó ní bí bàbá òun bá gbọ́ pé àgbàlagbà ń pe òun ní ọ̀gá, á ní òun ti fi àgbà ṣe ẹrú. Mo ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ṣe àmì kan fún un bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ẹja funfun nínú òbìrí aláwọ̀ búlúù, orúkọ ilé-iṣẹ́ yí i ká. Mo kọ ìwé òfin tó tẹ̀lé e: bí àmì náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, àwọ̀ tó gbọ́dọ̀ ní, àyè tó gbọ́dọ̀ ṣófo yí i ká. Òfin tó ga jù níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun sórí rẹ̀. Inú ọ̀gá mi dùn sí ìwé náà gan-an. A gé bébà líle tí a fi ń ya àmì náà, a sì yà á sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ààrò àti etí gbogbo àtẹ, níbi tí irin ti tẹ́jú.

Kò pẹ́ tí ìyọnu fi dé. Èérí ẹ̀fín dúdú tó ń bà lé gbogbo nǹkan ní ìlú náà sọ ẹja funfun di eléérú. Nígbà tí a fi irin gbígbóná tẹ àmì náà sára àpótí onígi, àwọn lẹ́tà náà jó pọ̀ di ìlà kan. Lórí fóònù, ẹja náà kéré débi pé oníbàárà kan béèrè bóyá sálúbàtà ni a ń tà. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sílé lọ wò ó lórí fóònù tèmi. Sálúbàtà ni lóòótọ́.

Ìyẹn kéré lára rẹ̀. Iwofe ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí omi níbẹ̀ ló ra ààrò àti àtẹ wa jù. Àwọn wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́bàá ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ààrò náà pẹ̀lú páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀kan nínú ààrò wọn jálẹ̀ nídìí, ẹja obìnrin kan sì dà sínú iná, ni ariwo bá gba ẹnu gbogbo ènìyàn pé ààrò wa ni. Àkókò yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, tí àwọn ayanja láti oríṣiríṣi etí omi dá sílẹ̀, ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo ààrò wa níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á mú un fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Iṣẹ́ ti dínkù nítorí ọ̀rọ̀ ààrò tó jálẹ̀ yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń wá ibòmíràn lọ.

Ọ̀gá mi ní kí n kọ́kọ́ lọ wo bí àmì wa ṣe rí ní Iwofe. "Bàbá, tí wọ́n bá débẹ̀ tí wọn ò dá tiwa mọ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn wẹ́dà, a ò ní lè ṣí ilẹ̀kùn yìí mọ́. I dey tell you."

Mo lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo rin ìlà ààrò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí ẹja funfun kan. Ọ̀dà ti bo gbogbo wọn. Àgbélébùú wà lórí ọ̀kan, ọ̀bẹ wà lórí òmíràn, ẹnì kan kàn da ọ̀dà aláwọ̀ ewé lé tirẹ̀.

Ìyá àgbà kan ló ń darí àwọn obìnrin náà, ọmọ ibẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ọ̀dọ̀ ènìyàn kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ó rí mi níbi tí mo ti ń fi èékánná họ ọ̀dà.

"Yoruba man, you dey find your fish? E don enter water go."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Mo dúró kí ẹ̀rín náà tán, mo sì bi í ìdí tí wọ́n fi kun àmì wa. Kò fi pamọ́ fún mi. Ó ní nígbà tí àtẹ wọn jẹ́ onígi tí kálukú kàn fúnra rẹ̀, kò sí méjì tó jọra. Láti ìgbà tí wọ́n ti ra tiwa ni gbogbo àtẹ ti di ìbejì. Wọ́n máa ń kó wọn pọ̀ sínú ọkọ̀ kan lọ sí ọjà Creek Road, ibẹ̀ ni ìjà sì ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó yan ẹja tó gbẹ dáadáa á gbé àtẹ ẹlòmíràn tí tirẹ̀ ṣì tutù. Ó nawọ́ sí obìnrin méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn, ó ní wọn kò tíì kí ara wọn títí di òní. Ni wọ́n bá ra ọ̀dà, wọ́n kun àtẹ, wọ́n sì kun ààrò pẹ̀lú kí àmì kálukú lè bára mu. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ orí àmì wa gan-an ni wọ́n kùn. Ó wò mí bí ẹni tó bi í ìdí tí omi fi tutù. Ó ní ibẹ̀ nìkan ló tẹ́jú.

Èmi ló yan ibẹ̀. Ohun tó sì jẹ́ kí n yàn án náà nìyẹn.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọ̀gá mi, ó ní a máa fi ọ̀dà tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́ kun àmì náà, a ó sì bẹ àwọn obìnrin náà kí wọ́n wá ibòmíràn kọ tiwọn sí. Mo ní wọn kò ní gbọ́. Ó ní kí ni mo fẹ́ ká ṣe nígbà náà. Mo mú ìwé òfin náà, mo sì gbé e lọ sílé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, obìnrin kan tó ti bá wa gbé ilé rí kan ilẹ̀kùn mi. Ó ti kó lọ sí ìhà East-West Road kí ìyàwó mi tó kú. Ó gbé ìkòkò ńlá kan dání. Ó ní òun ń tú ẹrù tí òun kò tú láti ọjọ́ tí òun ti kó, òun sì rí ìkòkò tí òun kò mọ ẹni tó ni ín. Ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ fi í pọn omi fún ewúrẹ́. Ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ kí n rí ìdí rẹ̀.

"Mo yí i padà báyìí, mo rí pupa yìí. Mo ní há, ti Ìyàwó Ayàwòrán ni. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú. Mo gbọ́ pé wọn ò sí mọ́."

Mo ní kò sí ohun tó burú. Mo bá a wá ìjókòó, ó jókòó díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ìyàwó mi, mo ń mi orí. Nígbà tó lọ, mo gbé ìkòkò náà sórí tábìlì, mo yí ìdí rẹ̀ sókè, mo sì jókòó tì í. Ọ̀dà náà ti ṣàn bó ṣe máa ń ṣàn. Orúkọ ẹni tó ṣe ìkòkò náà wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú, ó yọ sókè lára irin nínú òbìrí kan. Mi ò ṣàkíyèsí rẹ̀ rí. Àárín òbìrí yẹn gan-an ni ìyàwó mi fi ìlà méjì tirẹ̀ sí. Orúkọ aláṣe kò parẹ́, tirẹ̀ kò sì parẹ́.

Mo mú bébà.

Ohun tí mo yà kò ju ẹnu ọ̀nà lọ: òpó méjì àti ìtẹ́rígbà lórí wọn, kò sí nǹkan kan nínú. Òpó òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ wọlé díẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní oríṣiríṣi. Ní ẹ̀gbẹ́ ààrò ó lè fẹ̀. Ní etí àtẹ ó lè gùn kó sì dín ní gíga. Lórí àpótí onígi irin gbígbóná lè tẹ̀ ẹ́ láìjó pọ̀. Lórí fóònù kò jọ sálúbàtà. Kò ní àwọ̀ kankan, àwọ̀ ohun tó bá wà lára rẹ̀ ni yóò ní. Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ yẹn nìkan ni kò gbọdọ̀ yí padà.

Mo gbé e fún ọ̀gá mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní kí ló máa wà nínú rẹ̀. Mo ní ohun tí ẹni tó rà á bá fẹ́.

Ó gbé bébà náà sílẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sórí àmì wa."

"Èmi ni."

"Tí kálukú bá wá ń kọ tiẹ̀ sí i, kí ló kù tó jẹ́ tiwa?"

"Ẹnu ọ̀nà," mo ní. "Ẹni tó ń gbé inú ilé kọ́ ló kọ́lé."

Kò gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní àwọn wẹ́dà náà lè ya ẹnu ọ̀nà, ó rọrùn ju ẹja lọ. Òótọ́ ni. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ méjèèjì ló bá wa yanjú ìyẹn, nítorí wọ́n gbọ́ àríyànjiyàn wa láti ìta. Ohun tí mo rí nídìí ìkòkò ni mo sọ fún wọn, pé orúkọ aláṣe kì í ṣe ọ̀dà, ó yọ láti inú irin. Wọ́n ṣe mọ́ọ̀dù kan tí a fi ń lu páànù láti ẹ̀yìn kó tó di ààrò, tí àmì náà fi ń yọ síwájú. Ọ̀dà kò lè bò ó mọ́lẹ̀ débi tí ọwọ́ kò ní mọ̀ ọ́n. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn wẹ́dà ń lò máa ya bí a bá lù ú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń wá ibòmíràn lọ nínú wọn ló lu àkọ́kọ́. Ọ̀gá mi fi ìka tẹ̀lé òpó òsì wá sílẹ̀ títí dé ibi tó ti tẹ̀.

"Okay," ó ní. "Okay. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ fún wọn."

A pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ ààrò àti etí àtẹ fún gbogbo obìnrin tó ra tiwa ní Iwofe. Mo gbé ọ̀dà oríṣiríṣi lọ, mo sì sọ fún wọn pé àárín yẹn jẹ́ tiwọn. Mo ti rò pé èmi ni mo máa bá wọn yà á. Ọ̀pọ̀ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan án. Ìyá àgbà náà ti àtàǹpàkò bọ ọ̀dà funfun, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó sì nu ìyókù sára ṣòkòtò mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Obìnrin kan tó bí ìbejì to àmì kéékèèké méjì. Ẹnì kan béèrè bóyá ó lè fi í sílẹ̀ lófo, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó máa fi tirẹ̀ sílẹ̀ lófo. Mo ní ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará ẹgbẹ́ náà gba orí omi wá. Olórí wọn jẹ́ obìnrin tó sanra, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, obìnrin náà sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó ń wo ààrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ààrò àwọn wẹ́dà wà láàárín tiwa, nítorí a kò lè ní kí ẹnikẹ́ni gbé tirẹ̀ kúrò. Mo dúró sẹ́yìn.

Obìnrin náà dúró níwájú ìyá àgbà. Ó ní òun ń rí àtàǹpàkò, òun ń rí àgbélébùú, òun ń rí ọ̀bẹ. Nínú gbogbo wọn, èwo ni àmì àwọn tó ṣe ààrò?

Ọ̀gá mi la ẹnu, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti dáhùn láìgbé ojú kúrò lára ẹja rẹ̀.

"Na the one wey carry my own for belle."

Obìnrin náà na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ààrò náà. Ó bọ́ sí ti ẹnìkejì, ó fọwọ́ ra á. Ó dé ọ̀kan tí wẹ́dà ṣe, ó fọwọ́ ra á, ó sì kọjá láìdúró. Bí ó ṣe rin ìlà náà dé òpin nìyẹn, bí afọ́jú tó ń wá ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Kò ṣì ọ̀kan mú. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní ṣé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun náà lè fi tiwọn sí i. Ọ̀gá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì wò mí.

Wọ́n mú un.

Ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà ní Rumuokwurushi. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ lọ kò lọ mọ́. Ìwé òfin mi ti di ojú ìwé kan ṣoṣo, ìlà tó kẹ́yìn níbẹ̀ sì ní kí àwa fúnra wa má fi ohunkóhun dí àárín. Lórí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ẹnu ọ̀nà náà ṣófo. Àlejò máa ń béèrè bóyá a kò tíì parí rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rí àtẹ wa ní Creek Road pẹ̀lú àmì tí mi ò rí rí nínú rẹ̀, láti etí omi tí mi ò dé rí. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ òsì, mo sì ń bá tèmi lọ.

Ìkòkò náà kò sí nílé báyìí. Aládùúgbò kan ní ìnáwó lóṣù tó kọjá, ó wá yá a, mo gbé e fún un pẹ̀lú pupa rẹ̀ nídìí. Kò tíì dá a padà. Mi ò sì tíì béèrè.